Ohun tí Ṣèyí Ké Lábẹ́ Àpáta

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ohun méjì péré ni ẹ̀yin ará Ìkirun ń bi mí: ṣé mo rí póòpù, àti pé ṣé òtútù Ítálì tó bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀. Mi ò rí póòpù. Òtútù náà tó bẹ́ẹ̀, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohun tí mo bá lọ, bóyá nítorí pé ẹ rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Délé àbúrò mi ni mo wá lọ. Ó ti lé ní ọdún kan tí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kan ti yẹ̀ lójú irin láàárín àwọn òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Torino, níbi tí Délé ti ń ṣiṣẹ́. Ṣèyí, ọmọ Òkukù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà, kú síbẹ̀. Délé kò kú. Ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wa nílé, tí àwọn kan nínú yín sì gbé kiri, ni pé Délé sá, ó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ikú. Láti ìgbà náà, bí a bá pè é lórí fóònù, á kí ìyá wa, á ní òun wà dáadáa, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ìyá wa pè mí wọ yàrá. Ó ní, "Lọ bá mi wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mú un wálé. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, mú un wálé náà."

Ẹ̀yin tí mo kọ́ níléèwé mọ̀ mí. Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó bá la ẹnu sọ "o" fún àgbà lójú mi, orí ìdúró ni yóò wà títí kíláàsì yóò fi parí. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé mo ti le jù lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Mo gbọ́ wọn, mi ò sì yí padà.

Torino

Délé kọ́ ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Obìnrin kan tó wọ kóòtù tó nípọn ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wo ojú mi. Nígbà tó dá a lójú pé èmi ni, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ láàárín èrò. Ọlọ́pàá kan sáré wá, ó rò pé ó ṣubú ni. Ìyá Dámi ni wọ́n ń pe obìnrin yìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta gààrí, ẹja gbígbẹ àti irun àlẹ̀mọ́, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wa ti máa ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Délé ń gbé láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìlú tí òpópónà rẹ̀ gún régé ni Torino. Bí ẹ bá dúró sí ìkóríta, ẹ óò rí òkè ní ìparí títì, tí yìnyín ti bo orí rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn òkè yẹn. Ní gbogbo ibi tí mo bá yà sí, ó wà níwájú mi, mo sì mọ ohun tó ti ṣe sí wa.

Àwọn ará ibẹ̀ ń kíni, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín. Bí ẹ bá pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á ní "Buongiorno," ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kíkí wọn parí sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo fẹ́ béèrè àlàáfíà ìyàwó ọkùnrin tó ń gbé lókè wa. Ìyá Dámi fà mí láṣọ. Ó ní kí n má dán an wò mọ́, pé ọkùnrin náà lè rò pé nǹkan ti ṣe ìyàwó òun tí òun kò tíì gbọ́. Ní ti Dámi, ọmọbìnrin rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá pè é, Ítálì ló fi ń dáhùn. Á ní "Arrivo, mamma," èyí tó túmọ̀ sí pé òun ń bọ̀, kò sì ní wá.

Mo bi Ìyá Dámi bóyá àwọn èèyàn yìí ní ọ̀wọ̀ kankan nínú èdè wọn. Ó ní wọ́n ní in. Ó ní "tu" ni wọ́n ń sọ fún ọmọdé àti ẹgbẹ́ ẹni, "Lei" ni wọ́n ń sọ fún àgbà àti àlejò. Inú mi dùn. Mo ní àwọn náà ní "ẹ" tiwọn nìyẹn.

Nígbà tí Délé rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, kò sì tètè dìde. Ó ti gbẹ. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni Ìyá Dámi sè fún wa, ó fi ata rodo sí i dáadáa, ṣùgbọ́n Délé kàn ń fi ṣíbí ti oúnjẹ kiri inú àwo ni. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ wọn ni láti máa kó òkúta kúrò nínú àwọ̀n irin tí wọ́n ta sára òkè, kí òkúta má bàa já sórí ojú irin. Ẹnì kan nínú wọn á dúró sókè, á máa ṣọ́ àpáta. Bó bá rí òkúta tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ké: "Sasso!" Òkúta ló túmọ̀ sí lédè wọn. Òfin ibẹ̀ sì ni pé bí o bá ti gbọ́ ọ, o ò gbọ́dọ̀ sá. Ṣe ni kí o lẹ̀ mọ́ ògiri àpáta, kí òkúta fo orí rẹ kọjá. Ṣèyí ló ń ṣọ́ òkè ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Délé ní, "Mo gbọ́ 'sá', mo sì sá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Àǹtí mi. Ọsibítù ni mo wà kí wọ́n tó sọ fún mi pé 'Sasso' ló ké. Èdè wa ni mo gbọ́ nínú èdè wọn. Mo sáré dé ẹnu ihò inú òkè. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ọkọ̀ ti dànù, àpáta sì ti bo Ṣèyí mọ́lẹ̀."

Àwọn èèyàn ní bó bá dúró bí òfin ṣe wí, ì bá fa Ṣèyí yọ. Délé fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà ìsìnkú ní Padova, níbi tí Ṣèyí kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sí, Yétúndé ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó nawọ́ sí Délé. Ó ní, "Ìwọ, o sá." Délé ju ọkọ rẹ̀ pàápàá lọ dáadáa, "bọ̀dá" àti "ẹ" ni tọkọtaya náà sì máa ń fi bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Délé ní, "Bó bá gbá mi létí, mi ò ní sọ nǹkan kan. 'O' yẹn ni mi ò lè gbàgbé."

Mo sọ fún un pé ìyá wa ní kó wálé. Ó mi orí. Ó ní láti Ìkirun sí Òkukù kò jìnnà, ojú wo ni òun fẹ́ fi wo ìyá Ṣèyí? Ó ní ọjọ́ tí Yétúndé bá tún sọ "ẹ" fún òun, ọjọ́ náà ni òun tó lè wálé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ó ń díbọ́n. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an, torí mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń lọ tọrọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ opó.

Inú àfonífojì

Mo ní mo fẹ́ rí ibẹ̀ kí n tó lọ bá Yétúndé. Délé kò lè tẹ̀ lé mi. Ìyá Dámi ló ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó ní, "Tíṣà, ẹ má worry, èmi ni màá ṣe ògbufọ̀ yín. Ẹ ṣáà wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì."

Mi ò ní dárúkọ ìletò tí a lọ, torí àwọn tó gbà wá lálejò níbẹ̀ kò ní kí n gbé wọn sínú ìwé. Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń lọ, òkè ń sún mọ́ wa lápá ọ̀tún àti lápá òsì, títí tí ó fi kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí wọ́n pàdé. Nísàlẹ̀ pátápátá, odò ń ru gùdù láàárín òkúta. Títì, ojú irin àti odò ń du àyè mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù gígùn ń gba ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Etí ojú irin ni a dàgbà sí ní Ìkirun, ariwo ọkọ̀ ẹrù kò jẹ́ tuntun sí mi, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ yàtọ̀. Òkè ló ń gbé ariwo náà pa dà sí wa, tí èèyàn ò fi ní mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀.

Piero ló dúró dè wá ní ibùdókọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó wà lára àwọn tó bá Délé àti Ṣèyí ṣiṣẹ́, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pè mí ní "signora", ó mú wa lọ sílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ da oúnjẹ kan sórí pátákó, ó pupa résúrésú, ó ń yọ èéfín. Mo ti ń wá omi tí màá fi fọwọ́, mo rò pé ẹ̀bà elépo ni. Àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wàràkàṣì sì ni ọbẹ̀ rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹnu mi ń retí ata títí mo fi jẹun tán. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbà tí a ń jáde ló mú ìborùn ara rẹ̀, ó wé e mọ́ mi lọ́rùn.

Piero mú wa gba ọ̀nà tóóró kan lọ sí ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí òtútù ń parí lọ ni a dé ibẹ̀, ó sì ní ìgbà yẹn gan-an ló burú jù. Omi máa ń wọ inú àpáta tó sán, á di yìnyín ní òru, á wú, á fẹ àpáta náà sí i, bí ìgò omi tí èèyàn gbàgbé sínú fìríìsà. Bí oòrùn bá wá ràn, yìnyín á yọ́, kò ní sí ohun tó di òkúta mú mọ́. Mo rí ojú ibi tí àpáta ti ya. Ó ṣì funfun láàárín èyí tó ti dúdú. Wọ́n ti tún ojú irin ṣe, ṣùgbọ́n irin kan tó ti lọ́ ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ odò, wọ́n sì gbé fìlà iṣẹ́ Ṣèyí, èyí tó le koko, sórí òpó kékeré kan. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sunkún ọmọkùnrin tí mi ò rí rí.

Ibi tí a dúró sí nìyẹn tí nǹkan fi dún lókè, bí ìgbà tí ọmọdé bá ju òkò sórí páànù. Piero ké, "Sasso!"

Mo sá. Mi ò ronú rárá. Ìyá Dámi náà sá. Piero fi ọwọ́ kan gbá mi mú, ó fi ìkejì fa Ìyá Dámi, ó sì tì wá mọ́ ògiri àpáta. Òkúta kan tó tó ọsàn fo orí wa kọjá, ó já síbi tí mo ń sá lọ gan-an, ó yí wọ inú odò.

Inú bí ọkùnrin náà. Ó bi Ìyá Dámi pé kí ló dé tí gbogbo wa fi máa ń sá, ṣé Délé kò sọ òfin ibẹ̀ fún wa ni?  Ìyá Dámi ṣàlàyé fún un pé ní èdè tiwa, "sá" ni kí èèyàn fi eré sí i. Ó ní, kí àwọn tó parí ọ̀rọ̀ wọn, ẹsẹ̀ wa ti gbọ́.

 Piero bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ed 'e sa'? Kí ni ìyẹn lédè yín?"

Ìyá Dámi wò mí, èmi náà wò ó. Mo ní kó bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ.

Ó ní lẹ́nu Ṣèyí ni. Ó ní òdìkejì ojú irin ni òun wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun sì ń wo Ṣèyí lókè. Ó kọjú sí Délé, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. Kò ké "Sasso". "E sa! E sa!" ló ké, lẹ́ẹ̀mejì. Nínú èdè Ítálì, ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn nìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn bá ní "ó sì mọ̀". Nígbà tí àwọn olùwádìí dé, wọ́n bi òun bóyá Ṣèyí ké, òun ní ó ké. Wọn ò bi òun ní ọ̀rọ̀ tó ké, torí gbogbo wọn ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń ké níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni òun ti ń dá ara òun lẹ́bi, pé ọmọkùnrin náà fẹ́ sọ nǹkan kan, òun kò gbọ́ ìparí rẹ̀. Ta ló mọ̀? Kí ló mọ̀?

Mo sọ fún Ìyá Dámi, "Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà parí. Ó ní kí àbúrò mi sá. 'Ẹ' tó ṣáájú rẹ̀ yẹn, ọ̀wọ̀ ni. Délé jù ú lọ."

Piero tẹ́tí gbọ́ ọ títí. Ó ní, "Bíi 'Lei'?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Nígbà tí òkúta ti ń bọ̀?"

Mo ní nígbà tí òkúta ti ń bọ̀. Ó jókòó sórí àpáta, ó fi fìlà bojú, a sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó dìde, ó mú wa lọ wo ibi tí Délé dúró sí lọ́jọ́ náà. Ara ògiri àpáta náà ni. Ibẹ̀ sì ni wágọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ lára ọkọ̀ akẹ́rù náà dà lé, ojú ibi tí irin rẹ̀ ti ha àpáta ṣì wà níbẹ̀, ó jinlẹ̀. Láti òkè, Ṣèyí rí àpáta tó ń bọ̀, ó sì rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń jáde nínú ihò kejì lọ́ọ̀ọ́kán. Bó bá ké "Sasso", Délé á lẹ̀ mọ́ ògiri bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ọkọ̀ á sì dà lé e lórí. Ṣèyí ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ ilé. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú àfonífojì náà, ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ kò ráyè sọ̀ kalẹ̀ kí àpáta tó wó bò ó.

Padova

Mo sọ ọ́ fún Délé nígbà tí a pa dà dé Torino. Ó ní òun ti bẹ Ṣèyí títí pé kó yé sọ "ẹ" fún òun níbi iṣẹ́, pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn jọ ń ṣe, ẹ̀rù kan náà ló sì ń ba àwọn. Ṣèyí á ní "Ẹ má bínú, bọ̀dá," á sì tún máa bá a lọ. Délé wá bú sẹ́kún. Mo fi orí rẹ̀ sí itan mi, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré.

Ó tẹ̀ lé mi lọ sí Padova. Ọkọ̀ ojú irin gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ kọjá, a kọjá Brescia níbi tí ilé iṣẹ́ irin ti tò lọ bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣe gùn tó, Délé kò sì gbójú sókè wo ọ̀kan. Ìlú tí wọ́n bo ẹ̀gbẹ́ títì lórí ni Padova. Èèyàn lè rìn láti ìkángun kan dé òmíràn kí òjò má pa á, abẹ́ òrùlé tí òpó ńláńlá gbé dúró ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí a dé iwájú ilé Yétúndé, Délé dúró ti ọ̀kan nínú àwọn òpó yẹn. Ó ní kí n máa gòkè lọ.

Yétúndé ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, ìyá arúgbó kan ló ń tọ́jú ní àdúgbò náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi fún mi, ó bọ̀wọ̀ fún mi bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dárúkọ àbúrò mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dárúkọ ẹni yẹn nínú ilé yìí." Mo ní mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni mo mú wá fún un.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ bí èmi gan-an ṣe sá. Mo sọ ti Piero, ti ògiri tí wágọ́ọ̀nù dà lé, àti ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ti gbé sínú láti ọdún tó kọjá láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Yétúndé ti dá mi dúró.

"Ó ní kí ni?"

"Ẹ sá."

"Ó fi 'ẹ' sí i?"

"Lẹ́ẹ̀mejì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣèyí nìyẹn. Ọkọ mi gan-an nìyẹn." Ó jókòó sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, kì í ṣe ẹkún tí èèyàn ń sun lójú ìjọ. Mo jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó béèrè ibi tí àbúrò mi wà. Mo ní ó wà nísàlẹ̀.

Ó lọ ṣí fèrèsé. Mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Délé gbójú sókè, ó rí i. Ó yí padà, ó fẹ́ máa lọ.

Yétúndé pè é. "Bọ̀dá Délé."

Ó dúró.

"Ẹ má sá mọ́. Ẹ máa bọ̀ lókè."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀.